Ooru, Iṣẹ́ àti Agbára: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Yọ Àwọn Onímọ̀ Lẹ́nu

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ mi. Èmi kì í ṣe onímọ̀ físíìsì. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ iná, ooru àti ẹ̀rọ ni mo gbé wá lónìí, ẹ má ṣe rò pé mo fi oko mi sílẹ̀ lọ ro oko olóko. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fà mí dé ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni agbára.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pe alábàáṣiṣẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní físíìsì pé kí ó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá. Ó múra sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó dé orí òfin tí ó sọ pé a kò lè dá energy, a kò sì lè pa á run, agbára ni ó pè é. Láìpẹ́ ó tún sọ pé a gbọ́dọ̀ lo agbára kí òkúta tó lè kúrò lójú kan; ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní force ni ó ní lọ́kàn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó mú jẹnẹrétọ̀ méjì, ó ní agbára èyí ju agbára tọ̀hún lọ. Power ni ó ń wí. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, agbára wo lẹ ń wí? Ti àkọ́kọ́ ni àbí ti ẹ̀ẹ̀kejì?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì ó wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Dọ́kítà, mo ti ń sọ fún yín tipẹ́. Èdè wa dára fún ewì, ó dára fún orin, ṣùgbọ́n kò gba sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún nǹkan mẹ́ta!" Mi ò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. Mo rán an létí iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Òun náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dáhùn ìbéèrè ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn yẹn. Nígbà tí mo wá lọ ka ìtàn òfin náà fúnra rẹ̀ ni mo rí èsì. Ẹ̀sùn tí ọ̀rẹ́ mi fi kan èdè Yorùbá yìí gan-an ni ènìyàn ìbá fi kan èdè Jámánì, ní ọdún tí àwọn ọmọ Jámánì fi èdè náà kọ òfin yìí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ohun kan ni ooru, bí omi ti jẹ́ ohun kan. Ní ọdún 1787, Antoine Lavoisier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní Faransé gbé ìwé kan jáde tí wọ́n fi tún orúkọ sọ gbogbo ohun tí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ń lò. Ohun tí ó ń mú nǹkan gbóná, calorique ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní ó ń ṣàn bí omi, kò wúwo, ó sì máa ń ti ara ohun tí ó gbóná bọ́ sí ara ohun tí ó tutù. Ní ọdún 1789, nígbà tí Lavoisier to àwọn èròjà ìpìlẹ̀ ayé lẹ́sẹẹsẹ, ó to calorique mọ́ wọn, níbi kan náà tí ó to ọ́síjìn àti háídírójìn sí. Onímọ̀ èdè kò lè ka èyí kí ó má rẹ́rìn-ín músẹ́. A fún nǹkan lórúkọ tán, ó sì di nǹkan.

Ẹ wo bí àwa náà ṣe ń sọ̀rọ̀. A ní "omi gbóná", ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbóná, ohun tí omi ń ṣe ni. Ṣùgbọ́n a tún ní "ooru ń mú mi", bí ẹni pé ooru jẹ́ ènìyàn tí ó dì mí mú. Ohun tí ń ru jáde lójú ìkòkò omi híhó náà, ooru ni a ń pè é. Ní ti iná, a ń dá a, a ń tàn án, a sì ń kígbe pé wọ́n ti mú un lọ nígbà tí ilé bá ṣókùnkùn. Èmi kì í ṣe ara àwọn tí ń sọ pé àwọn baba ńlá wa ti mọ gbogbo rẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Gírámà kì í ṣe físíìsì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí èdè tí ọ̀rọ̀-orúkọ kò lè tan àwọn tí ń sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ calorique kì í ṣe ẹ̀kọ́ òmùgọ̀ rárá. Ó ṣàlàyé ìdí tí irin gbígbóná fi ń tutù nínú omi tí omi náà sì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó sì bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí Joseph Black ti fi ìwọ̀n gidi wá ní Glasgow mu. Ibì kan ṣoṣo ni ó ti kọsẹ̀: ìfigbọnra. Bí ọyẹ́ bá mú wa, a máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbo ara wọn. Níbo ni ooru yẹn ti wá, nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì jọ tutù tẹ́lẹ̀?

Ẹni tí ó gbé ìbéèrè yìí dé gbangba ni Benjamin Thompson. Ní Massachusetts ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1753, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dìde sí ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn ọba ni ó wà, ó sì ní láti fi ìlú sílẹ̀. Ó dé Bavaria, ó di ènìyàn ńlá nínú ètò àwọn ọmọ ogun ibẹ̀, wọ́n sì fi í jẹ oyè Count Rumford. Ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà tí ó wà ní Munich, ó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò sínú àgbá, ìyẹn ìbọn ńláńlá tí wọ́n ń gbé lọ sójú ogun. Ó ṣàkíyèsí pé àgbá náà máa ń gbóná gan-an nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ. Ó wá mọ̀ọ́mọ̀ mú irin ìgbẹ́hò tí ẹnu rẹ̀ ti kú, tí kò lè gé nǹkan dáadáa mọ́, ó gbé iṣẹ́ náà sínú àpótí tí ó kún fún omi tútù, ó sì ní kí ẹṣin máa yí i. Lẹ́yìn wákàtí méjì àti ààbọ̀, omi náà hó. Kò sí iná níbì kankan nítòsí. Ẹnu ya gbogbo àwọn tí ó dúró wòran.

Àlàyé tí Rumford ṣe fún Ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1798 kò ṣòro. Bí a bá ń bu omi nínú àmù, àmù yóò gbẹ bó pẹ́ bó yá. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹṣin bá ṣì ń yí irin yẹn, ooru kò tán. Ohun tí kò lè tán báyìí kò lè jẹ́ ohun kan tí wọ́n kó pamọ́ sínú àgbá. Ìrìn ni, ìmìrìngìndìn nǹkan fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́, calorique sì tún lo bí àádọ́ta ọdún sí i láyé. Lavoisier kò sí láyé láti fèsì. Wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí ní ọdún 1794 nígbà ìdìtẹ̀ ńlá ti Faransé. Rumford ni ó sì wá fẹ́ opó rẹ̀, Marie-Anne, nígbẹ̀yìn. Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́.

Ìgbà yẹn, ẹ̀rọ tí ooru omi ń tì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Thomas Newcomen ti gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1712 láti máa fa omi jáde nínú ihò ìwakùsà, James Watt sì tún un ṣe gan-an láti ọdún 1765 lọ. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìbéèrè tí ó tọ́ nípa rẹ̀: èló ni iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ tí a lè rí gbà láti ara ooru?

Ẹni tí ó béèrè rẹ̀ ni Sadi Carnot. Ọmọ Paris ni, wọ́n bí i ní ọdún 1796, bàbá rẹ̀ Lazare sì jẹ́ ọ̀gágun àti onímọ̀ ìṣirò tí ó fi orúkọ Saadi, akéwì ilẹ̀ Páṣíà, sọ ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1824, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 28, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa agbára tí iná ní láti gbé nǹkan, ẹ̀dà 600 péré. Àfiwé tí ó lò wọ̀ mí lọ́kàn púpọ̀. Ó ní ẹ wo omi tí ń já láti òkè lu kẹ̀kẹ́ ọlọ. Kì í ṣe omi nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, bí kò ṣe jíjá tí ó ń já. Bí òkè àti ilẹ̀ bá di ọ̀kan, kẹ̀kẹ́ yóò dúró, bí omi tilẹ̀ pọ̀ tó òkun. Bákan náà ni ooru: kò lè ṣe iṣẹ́ àyàfi bí ó bá ń já láti ibi tí ó gbóná wá sí ibi tí ó tutù, bí ibi méjèèjì bá sì ṣe jìnnà síra tó ni iṣẹ́ yóò ṣe pọ̀ tó. (Àwọn tí ń kọ Yorùbá láì fi àmì sí i, ẹ ṣọ́ra níbí o: agbára ni mo ń sọ, ṣùgbọ́n àgbàrá òjò ni Carnot fi ṣe òwe.)

Ìwé náà kò tà. Carnot kú ní ọdún 1832, àrùn onígbáméjì ni ó pa á ní ẹni ọdún 36, nítorí ẹ̀rù àkóràn, wọ́n sì dáná sun púpọ̀ nínú ẹrù àti ìwé rẹ̀. Díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù kò jáde títí di ọdún 1878, ìgbà tí àbúrò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, gbogbo ayé sì wá rí i pé kí ó tó kú, òun fúnra rẹ̀ ti kọ calorique sílẹ̀. Ní ọdún 1845, William Thomson, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a wá mọ̀ sí Lord Kelvin, wá ìwé 1824 yẹn kiri àwọn ilé ìtàwé Paris. Kò rí i. Ìwé tí àbúrò kọ ni wọ́n ń mú wá fún un. Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Mo ti ń sún mọ́ ọ̀rọ̀ mi báyìí.

Ní oṣù kejì ọdún 1840, ọkọ̀ ojú omi kan ti ilẹ̀ Họ́láńdì gbéra ní Rotterdam, ó dorí kọ erékùṣù Java. Dókítà tí ó wà nínú rẹ̀ ni Julius Robert Mayer, ọmọ Heilbronn ní Jámánì, ẹni ọdún 25. Nígbà tí wọ́n dé, àìsàn kọ lu àwọn awakọ̀, Mayer sì ṣe ohun tí àwọn dókítà ìgbà yẹn máa ń ṣe, ó ya iṣan apá wọn kí ẹ̀jẹ̀ lè dà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó rí pupa fòò tí ó fi rò pé òun ti ṣèèṣì gé iṣan mìíràn, èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ tuntun láti ọkàn wá. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní kí ó fọkàn balẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rí nílẹ̀ olóoru nìyẹn. Ẹlòmíràn ìbá gbàgbé rẹ̀. Mayer kò gbàgbé. Ó rò ó pé oúnjẹ ni ó ń jóná nínú ara wa kí ara lè móoru. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná, ara kò ní láti dáná púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì ṣẹ́ èyí tí ó pupa kù. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kan náà ni alágbàṣe fi ń gbé ẹrù. Ooru àti iṣẹ́, orísun kan náà ni wọ́n ti ń jáde. Wọ́n ní láti ní pàṣípààrọ̀, bí owó ìlú kan ti ní pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti ìlú mìíràn.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1841, ìwé ìròyìn físíìsì tí ó gbajúmọ̀ jù kò tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1842 ni ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì gbà á. Ó fi ìṣirò hàn níbẹ̀ pé ooru tí yóò fi dígírì kan kún ìgbóná omi bá iṣẹ́ ohun tí ó wúwo bákan náà mu, bí ohun náà bá já láti òkè tí ó ga tó mítà 365. Iye tí a mọ̀ lónìí ń lọ sí 427. Fún dókítà tí kò ní yàrá ìwádìí, kò burú.

Ọ̀rọ̀ wo ni Mayer wá lò fún ohun tí kì í parun yìí? Kraft ni. Kí ni Kraft nínú èdè Jámánì? Ipá ni, okun ni, agbára ni. Ọ̀rọ̀ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Newton ń lò fún ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á, ìyẹn ipá gan-an. Mayer wá mú un, ó lò ó fún ohun mìíràn tí kò tíì ní orúkọ. Ẹni tí ó bá fi ojú ipá kà á yóò rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, nítorí pé ipá máa ń dópin: mo ti ògiri, mo sì dẹ́kun. Ní ọdún 1847, ọ̀dọ́ dókítà mìíràn, Hermann Helmholtz, ka iṣẹ́ tirẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ní Berlin. Òun ni ó fi ìṣirò pípéye gbé òfin náà kalẹ̀. Àkọlé rẹ̀ náà sọ nípa bí Kraft ṣe ń wà láìparun. Ìwé ìròyìn kan náà tí kò tẹ iṣẹ́ Mayer kọ tirẹ̀ náà, ó sì ní láti tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ọ̀tọ̀. Kódà àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò bọ́ nínú rẹ̀: ní ọdún 1857, Michael Faraday, ẹni ńlá, ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa force tí kì í parun.

Mo gbé àwọn ojú ìwé wọ̀nyí lọ fún ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Ẹ wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún nǹkan méjì, ní Berlin." Ó kà á tán, ó ní, "Ṣùgbọ́n àwọn yẹn yanjú tiwọn." Òótọ́ ni. Mo sì ní láti lọ wá bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, n kò lè fo James Joule. Salford, lẹ́bàá Manchester, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1818. Ìdílé rẹ̀ ń pọn bíà, kì í ṣe olùkọ́ yunifásítì rí. Ẹni tí ó ń pọn bíà gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ìgbóná dáadáa. Joule so òkúta ìwọ̀n mọ́ okùn, bí òkúta bá ń sọ̀ kalẹ̀, okùn yóò yí àwọn abẹ̀bẹ̀ nínú omi tí ó wà nínú ohun èlò bàbà, ìyíbírí náà yóò sì mú kí omi móoru díẹ̀, díẹ̀ tí ó jẹ́ pé ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Ó ń kà á títí dé ìdá kan nínú 200 dígírì Fahrenheit. Èsì tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1850 ni pé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan tí ó já láti òkè ẹsẹ̀ bàtà 772 ni yóò mú kí pọ́n-ùn omi kan fi dígírì kan gbóná sí i.

Nígbà tí ó fẹ́ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Oxford ní ọdún 1847, alága ìjókòó ní kí ó má ka ìwé rẹ̀, kí ó kàn sọ ọ́ ní ṣókí. Thomson, tí kò tíì pé ẹni ọdún 24, wà níbẹ̀, ohun tí ó gbọ́ sì dà á láàmú. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, Thomson ń rìn lórí òkè Alps lápá Chamonix, ó bá pàdé ta ni? Joule, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, tí ó sì mú tẹmọ́mítà lọ́wọ́. Ó fẹ́ wo bóyá omi tí ó já láti orí àpáta gbóná nísàlẹ̀ ju bí ó ti rí lókè lọ. Èmi máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá mú àlejò lọ wo omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìmọ̀ràn mi fún ọkọ ìyàwó ni pé kí ó fi tẹmọ́mítà sílé.

Ìdààmú Thomson ni pé Carnot ní ooru ń já, ó sì ń ṣe iṣẹ́, kò sì dín kù. Joule ní ooru ń di iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí. Rudolf Clausius, ọmọ Jámánì, ni ó tú okùn náà ní ọdún 1850, Thomson sì tẹ̀lé e ní ọdún 1851. Ojútùú rẹ̀ ni pé nǹkan méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan nínú ooru ń di iṣẹ́, Joule jàre. Apá kejì gbọ́dọ̀ já sí ibi tútù, Carnot jàre. Ibẹ̀ ni òfin fi di méjì.

Òfin kìíní ni pé iye agbára kì í yí padà: ohun tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí ooru gbọ́dọ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tàbí kí ó wà nínú ilé síbẹ̀. Òfin kejì ni ó ní oró. Ẹ gbé ẹ̀kọ gbígbóná kalẹ̀ nínú abọ́, yóò tutù. Kò sí ẹni tí ó rí ẹ̀kọ tútù rí tí ó gba ooru padà lára afẹ́fẹ́ yàrá tí ó sì hó, bẹ́ẹ̀ òfin kìíní kò lòdì sí i rárá, nítorí iye kò ní yí padà. Òfin kejì ni ó kọ̀ ọ́. Òun náà ni ó ní kò sí ẹ̀rọ tí ó lè sọ gbogbo ooru di iṣẹ́. Bí ìgbóná orísun bá jẹ́ 100 dígírì Celsius, tí ibi tútù sì jẹ́ 20, ẹ fi 273 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò di 373 àti 293. Ìyàtọ̀ wọn, 80, tí a bá pín in sí 373, ni ìpín tí ó lè di iṣẹ́, kò tó 22 nínú 100. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé yín fi ń jóni: owó epo ni ó ń gba ẹnu rẹ̀ jáde lọ sínú afẹ́fẹ́, òfin ni ó sì fọwọ́ sí i.

Òfin méjì mìíràn tẹ̀lé e. Walther Nernst gbé èyí tí a ń pè ní ẹ̀kẹta wá ní ọdún 1906, nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá ń tutù lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òtútù kò lè kọjá mọ́. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó rọrùn jù: bí ìkòkò A àti B bá gbóná bákan náà, tí B àti D sì gbóná bákan náà, A àti D gbóná bákan náà. Àwọn òyìnbó rí i pé ó yẹ kí èyí ṣáájú gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti pín nọ́ńbà tán. Ní ọdún 1939, Fowler àti Guggenheim pè é ní òfin òdo. Ó ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lẹ́nu. Kò yẹ kí ó ya Yorùbá lẹ́nu. Ṣebí Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀ nìyí, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Fún iṣẹ́, Gaspard-Gustave Coriolis ní Faransé ti mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo alágbàṣe ń lò, travail, ní ọdún 1829, ó sì fún un ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo: ipá tí a fi jìnnà tí nǹkan rìn sọ di púpọ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ìtumọ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ há. Fún ohun tí kì í parun, ọ̀rọ̀ energy ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí Thomas Young ti dá a lábàá ní ọdún 1807, láti inú èdè Gíríìkì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kà á sí púpọ̀. Thomson ni ó gbé e dìde lẹ́yìn ọdún 1850, William Rankine sì fi irú ti ohun tí ó wà lókè tí kò tíì já kún un ní ọdún 1853. Ìgbà yẹn ni force wá padà sí ilé rẹ̀. Àwọn ará Jámánì náà yá Energie, Kraft sì di ti ipá nìkan.

Mayer san owó ìdàrúdàpọ̀ yìí ju gbogbo wọn lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi í ṣẹ̀sín tàbí kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ rárá. Ọmọ rẹ̀ méjì kú ní ọdún 1848. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1850, ó bẹ́ láti ojú fèrèsé. Kò kú, ṣùgbọ́n ó lo àkókò ní ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Ọdún 1862 ni John Tyndall dìde ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ní ọkùnrin yìí ni ó kọ́kọ́ rí i, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó wà lẹ́yìn Joule àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn Mayer. Royal Society fún Joule ní àmì ẹ̀yẹ Copley ní ọdún 1870, wọ́n sì fún Mayer ní tirẹ̀ ní ọdún 1871. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ Kraft nìkan ni ó fa ìyà rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò lágbára, kò sì ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó rí, ẹ̀rí rẹ̀ di ìlọ́po méjì kí a tó gbà á gbọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a sì ṣe bí Coriolis. A kò dá ọ̀rọ̀ tuntun. A ní ipá ni kí ó jẹ́ ti títì àti fífà, kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú kíláàsì. Iṣẹ́, a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ẹni tí ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì dúró lójú kan láàárọ̀ títí di alẹ́ kò ṣe iṣẹ́ kankan fún àpò náà nínú físíìsì, bí ó tilẹ̀ ń làágùn. Agbára ni a yàn fún ohun tí kì í parun. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn yan okun, n kò bá wọn jà. Bí wọ́n bá ti há ìtumọ̀ rẹ̀, ó tó. Fún ti jẹnẹrétọ̀ méjì yẹn, ìyára iṣẹ́ ni a pè é, ìyẹn iye iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì wá ọmọkùnrin yẹn rí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Ní ọdún 1865, Clausius nílò orúkọ fún ohun tí òfin kejì fi ń díwọ̀n, èyí tí ń pọ̀ sí i nígbàkúùgbà tí ooru bá fúnra rẹ̀ já láti ibi gbígbóná sí ibi tútù, tí kì í sì í dín kù fúnra rẹ̀. Ó lọ sínú èdè Gíríìkì, ó mú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìyípadà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ẹ kí ó lè jọ Energie: Entropie. Ó sọ ìdí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí orúkọ irú nǹkan pàtàkì bẹ́ẹ̀ wá láti inú èdè àtijọ́, kí ó lè wọ gbogbo èdè tí a ń sọ lónìí láì yí padà. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí n bá òun wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un, mo sì wá a fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó yá, mo kọ ẹntirópì sílẹ̀, mo fi àmì ohùn sí i, mo sì fi ránṣẹ́ sí i.